Ìtọ́jú onítànṣán láti inú ọ̀nà èémí fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró: bó ṣe ń lọ àti ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́

Nígbà tí kókó jẹjẹrẹ bá hù sínú ọ̀nà èémí gan-an, afẹ́fẹ́ kì í ráyè kọjá mọ́. Èémí á máa há, ikọ́ kò ní dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ lè máa bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, òtútù àyà sì lè máa wọlé léraléra sí apá ẹ̀dọ̀fóró tó wà lẹ́yìn ibi tó dí. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n lè gbà gbé ìtànṣán lọ bá kókó náà níbi tó wà, láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ńlá ń tàn án láti ìta àyà. Brachytherapy ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn. Wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba imú tàbí ẹnu lọ sí ẹ̀gbẹ́ kókó náà. Ẹ̀rọ á ti irin bíńtín kan tó ń mú ìtànṣán jáde wọ inú rọ́bà yẹn, irin náà á dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀rọ á sì fà á padà. Wọ́n á yọ rọ́bà, ọ̀pọ̀ aláìsàn á sì padà sílé lọ́jọ́ náà.

Aláìsàn la kọ àlàyé yìí fún, àti ẹbí tó ń bá a lọ bá a bọ̀, àti nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka ìtànṣán. Ohun kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ibi tí rọ́bà bá wà, ibẹ̀ ni ìtọ́jú wà. Ẹ̀rọ kò rí kókó. Ojú ibi tí wọ́n bá ní kó dúró sí nínú rọ́bà ló máa dúró sí, bí rọ́bà bá sì ti sún, ìtànṣán ti bá a sún.

Irin náà, àti ohun tí sẹ̀ǹtímítà kan lè ṣe

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, iridium-192 ni wọ́n ń lò. Kò gùn tó mìlímítà 5, kò sì nípọn tó mìlímítà 1. Wọ́n jó o mọ́ orí wáyà gígùn kan, inú àpótí nípọn tí ìtànṣán kò lè là kọjá ló sì máa ń wà títí iṣẹ́ á fi dé. Agbára rẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́. Bí ọjọ́ 74 bá pé, ìdajì ló kù. Bí wọ́n bá gbé e dé pẹ̀lú agbára Ci 10 (Ci, ìyẹn curie, ni wọ́n fi ń wọn agbára irin ìtànṣán), Ci 5 ló máa kù lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ìdí nìyẹn náà tí ìtọ́jú kan náà fi lè gba ìṣẹ́jú 6 nígbà tí irin ṣì jẹ́ tuntun, kó sì gba ìṣẹ́jú 12 nígbà tó bá ti gbó. Àwọn aláìsàn máa ń bẹ̀rù bí wọ́n bá rí i pé tòní pẹ́ ju tọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Wọn kò fi kún un. Ìwọ̀n kan náà ni; irin tó ti rẹ̀ ló ń pẹ́ kó tó fúnni pé. Àwọn ẹ̀rọ kan ń lo cobalt-60, èyí tó ń gbà ju ọdún 5 lọ kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì.

Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tí ara gbà, Gy ni wọ́n sì ń kọ. Ó ti di àṣà kí dókítà máa kọ ìwọ̀n náà fún ibi tó jìnnà sí àárín irin ní sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ojú ọ̀nà tí irin máa dúró sí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5, tí dókítà sì kọ Gy 7.5 fún sẹ̀ǹtímítà 1. Ní àárín gbùngbùn gígùn yẹn, ohun tó wà ní mìlímítà 5 sí irin á gba nǹkan bí Gy 17. Ohun tó wà ní mìlímítà 2, ìyẹn ògiri ọ̀nà èémí tí rọ́bà fara tì, á gbà ju Gy 40 lọ. Ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 kò ní gbà tó Gy 3.

Nínú ìṣirò kékeré yìí ni oore àti ewu ìtọ́jú náà jọ wà. Ọkàn, okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn àti ẹ̀dọ̀fóró tó ṣì dára ń gba díẹ̀, nítorí wọ́n jìnnà. Ṣùgbọ́n kókó tó bá nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ sí ẹ̀yìn ògiri ọ̀nà èémí kò ní rí ìtànṣán tó tó, ibi tí rọ́bà bá sì gbé ara lé ń gba púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí èyí ni àwọn ilé ìwòsàn kan fi ń lo rọ́bà tó ní bàlúùnù tàbí àpò yí ká, kó lè dúró sáàárín ọ̀nà, pàápàá nínú kòmóòkun tó fẹ̀.

Ta ló yẹ fún?

Ó yẹ fún ẹni tí kókó rẹ̀ wà nínú kòmóòkun tàbí nínú àwọn ẹ̀ka ńlá rẹ̀, tí dókítà lè fi awò ọ̀nà èémí (irinṣẹ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì wọ ọ̀nà èémí láti wo inú rẹ̀) rí i, tí rọ́bà sì lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tí wọ́n ti tan ìtànṣán sí láti ìta tẹ́lẹ̀, tí kókó rẹ̀ sì tún padà wá, ló sábà máa ń jàǹfààní rẹ̀ jù, torí okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ti gba ìwọ̀n tí wọ́n lè gbà lára ẹ̀rọ ìta. Ẹni tí wọn kò tíì tan ìtànṣán sí rí, ìtànṣán ìta ni wọ́n sábà máa kọ́kọ́ fún un, nítorí ó ń dé apá kókó tó wà lẹ́yìn ògiri. Nígbà mìíràn wọ́n ń pa méjèèjì pọ̀.

Àwọn díẹ̀ tún wà tí jẹjẹrẹ wọn ṣì kéré, tí kò tíì kọjá ògiri ọ̀nà èémí, ṣùgbọ́n tí ara wọn kò lè gba iṣẹ́ abẹ. Fún irú wọn, wọ́n lè fi ìtọ́jú yìí lépa ìwòsàn pátápátá. Fún àwọn yòókù, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, kí èémí sì lè já geere ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ bi dókítà léèrè gbangba kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: “Ṣé ẹ fẹ́ kí àìsàn yìí tán ni, àbí kí ara lè tù ú?” Ìdáhùn rẹ̀ ló máa jẹ́ kí ẹ mọ irú ewu tó yẹ kí ẹ gbà mọ́ra.

Kò yẹ fún ẹni tí kókó wà lẹ́yìn ọ̀nà èémí, tó kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ìta. Kò yẹ bí kókó bá ti jẹ wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, tàbí bí ihò bá ti lu láàárín ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ, torí ìtànṣán á mú kókó tó dí ihò náà yọ́ kúrò. Kò yẹ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì, àyàfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe.

Bákan náà, ìtọ́jú yìí kọ́ ló máa gba ẹni tí kò rí èémí mí lọ́wọ́lọ́wọ́ là. Ó ń gba ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ kí kókó tó sún kì, ó sì lè kọ́kọ́ wú díẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò kí wọ́n fi lésà tàbí iná mànàmáná gé kókó náà kúrò lójú ọ̀nà, tàbí kí wọ́n ki stent, ìyẹn páìpù kékeré tó ń gbé ọ̀nà dúró, sí i kí ọ̀nà lè ṣí. Bí ara bá ti balẹ̀, brachytherapy lè wá tẹ̀ lé e.

Kí ọjọ́ tó pé

Wọ́n á ya CT scan àyà, wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Nǹkan méjì ni wọ́n ń wò jù nínú ẹ̀jẹ̀: platelet, ìyẹn àwọn ẹyọ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kó dì, tí ọ̀pọ̀ ibi ń fẹ́ kó ju 50,000 lọ, àti INR, tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì sí. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú bíi warfarin, rivaroxaban tàbí clopidogrel, ẹ sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó kéré tán. Ẹ má fúnra yín dá a dúró o. Ẹni tí wọ́n ki stent sí iṣan ọkàn rẹ̀ láìpẹ́ lè kú bó bá dá clopidogrel dúró láìbéèrè. Dókítà ọkàn àti dókítà ẹ̀dọ̀fóró ló máa jọ pinnu ọjọ́ tí oògùn náà máa dúró.

Ẹ má jẹ oúnjẹ fún wákàtí 6 ṣáájú. Omi lásán sábà máa ń ṣeé mu títí di wákàtí 2 ṣáájú, àyàfi tí wọ́n bá sọ nǹkan míì fún yín. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn, ó lè gòkè wá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ọ̀fun bá ti kú tipiri. Ẹni tó ní asímà kó mú inhaler rẹ̀ dání. Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá á yọ ọ́. Kí obìnrin tó lè lóyún ṣe àyẹ̀wò oyún. Ẹ mú ẹnì kan dání tó máa sìn yín lọ sílé, nítorí oògùn tí ń múni tòògbé kò ní jẹ́ kó bójú mu láti wakọ̀ títí wákàtí 24 á fi pé.

Kíkì rọ́bà

Abala yìí ló gba ọgbọ́n jù, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe máa ń pọ̀ sí jù.

Wọ́n á fọ́n lidocaine, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, sí imú àti ọ̀fun. Ó korò, ọ̀fun á sì dà bíi pé ó wú, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì mọ́. Itọ́ kúkú ṣì ń lọ sísàlẹ̀, ọ̀fun ni kò mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn tí ń múni tòògbé, bíi midazolam, láti ojú iṣan, wọ́n á fi ọ́síjìn sí imú rẹ̀, wọ́n á sì fi ohun tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há a ní ìka. Lẹ́yìn náà ni awò ọ̀nà èémí á wọlé.

Rọ́bà tí wọ́n sábà ń lò jẹ́ 6 French, ìyẹn mìlímítà 2 ní ìbú, ó sì máa gba inú ihò kan nínú awò náà kọjá. Kí òṣìṣẹ́ dán an wò kí wọ́n tó pe aláìsàn wọlé. Ihò tó bá jẹ́ mìlímítà 2 géérégé kò ní gbà á. Ó ní láti fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bó bá há síbẹ̀ nígbà tí awò ti wà nínú àyà, àti awò àti rọ́bà ni wọ́n máa jọ fà jáde, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn tó ti ń wúkọ́ kíkan-kíkan. Kí wọ́n fi òróró ìyọ̀ tí ilé ìwòsàn ń lò pa á lára. Wáyà líle kan gbọ́dọ̀ wà nínú rọ́bà náà kí ó má bàa ká.

Dókítà á fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ kúrò, á wo orí kókó àti ìdí rẹ̀, á sì sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lójú ẹ́síréè. Á wá ti rọ́bà kọjá ìdí kókó ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ó kéré tán, títí orí rọ́bà á fi há sínú ẹ̀ka kékeré kan. Bí kò bá há síbi kankan, ikọ́ kan péré lè fà á kúrò. Bí wọ́n bá sì tì í jù, ó lè gún awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ á jò sínú àyà, ẹ̀dọ̀fóró á wó. Orí rọ́bà dí pa, nítorí náà irin ìtànṣán kì í fara kan ara tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rárá.

Ìgbà tí awò máa jáde ló le jù. Rọ́bà gbọ́dọ̀ dúró sójú kan bí awò ṣe ń yọ lára rẹ̀. Ẹnì kan ń fa awò, ẹnì kejì ń ti rọ́bà wọ ihò awò láti òkè, dókítà sì tẹjú mọ́ ẹ́síréè tó ń fi orí rọ́bà hàn lójú ẹsẹ̀. Bí awò bá jáde ní sẹ̀ǹtímítà 1, kí rọ́bà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 1. Àwọn méjèèjì ní láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ sókè: “Mo fà á.” “Mo ti tì í.” Níbi tí wọ́n bá ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni rọ́bà ti ń bá awò jáde, àfi kí wọ́n wá rí i lójú ẹ́síréè pé ó ti gòkè.

Bí awò bá ti jáde tán, wọ́n á fi píláásítà so rọ́bà mọ́ imú, wọ́n á sì fi bírò fa ìlà dúdú sára rọ́bà ní ẹnu ihò imú gan-an. Ìlà kékeré yìí ni ẹ̀rí wa títí iṣẹ́ á fi parí. Bó bá wà lẹ́nu ihò imú, rọ́bà kò sún. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5, kí ẹnikẹ́ni má tan ìtànṣán kan kan títí wọ́n á fi tún ya ẹ́síréè. Ẹ̀yin aláìsàn, ẹ má nu imú, ẹ má fa píláásítà, bó bá sì ṣe yín bíi pé ó ti yọ̀, ẹ na ọwọ́ sókè kí ẹ sọ ọ́. Kò sí ẹni tó máa bínú sí yín.

Bí kókó bá wà ní oríta tí kòmóòkun ti pín sí méjì, rọ́bà méjì ni wọ́n máa ki, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, kí nọ́ńbà náà sì bá ti ẹnu ihò ẹ̀rọ mu. Bí wọ́n bá fi 1 sójú 2, ìtànṣán tí wọ́n ṣírò fún apá ọ̀tún á lọ sí apá òsì, ẹ̀rọ kò sì ní mọ̀.

Wíwọn àti ìṣirò

Wọ́n á yọ wáyà líle kúrò, wọ́n á fi òmíràn tó ní ẹyọ irin kéékèèké ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan rọ́pò rẹ̀. Ẹyọ irin wọ̀nyí á hàn lójú ẹ́síréè tàbí CT, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ ibi tí kókó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí nínú rọ́bà. Wọ́n á fi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 kún un lókè àti nísàlẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ sábà máa ń ràn lábẹ́ awọ ju ibi tí ojú rí i dé lọ. Onímọ̀ físíìsì á wá pín gígùn yẹn sí ibùdúró kéékèèké, ní mìlímítà 2.5 tàbí 5 síra wọn, á sì ṣírò iye ìṣẹ́jú àáyá tí irin máa lò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí rọ́bà méjì bá ti sún mọ́ra, àkókò gbọ́dọ̀ dín kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ á jóná.

Gígùn rọ́bà ni kí ẹ fi gbogbo ara ṣọ́. Wáyà ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń tì wọ inú rọ́bà àti páìpù tó so ó mọ́ ẹ̀rọ títí á fi kan ìdí. Nọ́ńbà tó bá jáde ni ẹ̀rọ máa fi mọ ibi tó máa dúró. Bí ẹnì kan bá lo páìpù tó gùn ju èyí tó wà nínú ìṣirò lọ ní sẹ̀ǹtímítà 3, irin á dúró ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí òkè ibi tó yẹ. Kókó kò ní rí nǹkan gbà, awọ tó dára á sì gba gbogbo rẹ̀. Aláìsàn kò ní mọ̀ ọ́n lára, ojú ẹ̀rọ sì máa sọ pé iṣẹ́ parí dáadáa. Nítorí náà kí ẹni méjì wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láìwo ìwé ara wọn, kí wọ́n tó fi wéra.

Nínú yàrá ìtànṣán

Wọ́n á so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á tún wo ìlà dúdú lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo èèyàn á sì jáde. Aláìsàn nìkan ló máa kù, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń wò ó, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ rán wáyà lásán lọ wo ọ̀nà. Bí rọ́bà bá ká níbi kan, wáyà yìí kò ní kọjá, ẹ̀rọ á sì kọ̀ láti rán irin ìtànṣán. Lẹ́nu imú, níbi tí píláásítà ti fún rọ́bà pọ̀, ni ó sábà máa ń ká sí.

Kò sí ooru, kò sí ìrora. Ariwo ẹ̀rọ lásán ni aláìsàn máa gbọ́. Ó sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 5 sí 20. Bí ikọ́ ńlá bá ń bọ̀, ẹ na ọwọ́. Òṣìṣẹ́ á tẹ bọ́tìnnì, irin á padà sínú àpótí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á wọlé tọ́jú yín, wọ́n á wo ìlà, wọ́n á sì ṣe èyí tó kù. Ẹ̀rọ rántí ibi tó dúró sí.

Bó bá parí, aago ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri gbọ́dọ̀ ti dákẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ẹni àkọ́kọ́ tó bá sì wọlé gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rọ ìwọ̀n ìtànṣán dání, kó fi wo ara aláìsàn. Òfin yìí kò ṣeé fò. Ní oṣù November 1992, ní ìlú Indiana ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Amẹ́ríkà, wáyà ẹ̀rọ kan já, irin iridium-192 sì kù sínú aláìsàn kan tí wọ́n ń tọ́jú jẹjẹrẹ ibòmíràn lára rẹ̀. Aago ògiri dún. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé aago ló bàjẹ́, nítorí ojú kọ̀ǹpútà sọ pé irin ti padà. Wọn kò fi ẹ̀rọ ọwọ́ wo aláìsàn náà. Wọ́n dá a padà sí ilé ìtọ́jú àgbà tó ti wá, ó sì kú ní ọjọ́ karùn-ún. Ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí lọ ni ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìtànṣán ti wá rí irin náà. Ìṣẹ́jú kan péré pẹ̀lú ẹ̀rọ ọwọ́ ni ìbá ti gbà á là.

Bí irin bá kọ̀ láti padà, ìgbésẹ̀ ni èyí: kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì ìdádúró; bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan wọlé fi ọwọ́ yí i padà; bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n yọ rọ́bà pẹ̀lú irin inú rẹ̀ kúrò lára aláìsàn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sọ ọ́ sínú àpótí òjé tó gbọ́dọ̀ máa wà nítòsí, kí wọ́n gbé aláìsàn jáde. Àti àpótí yẹn, àti ẹ̀mú gígùn tí wọ́n fi ń gbá irin mú, kí wọ́n wò ó lárààárọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Bí irin bá ti padà sínú àpótí, kò sí ìtànṣán kankan nínú ara aláìsàn mọ́. Ó lè gbé ọmọ ọwọ́, ó lè bá aboyún jókòó, kò sì sí ohun tó yẹ kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ sọ èyí fún àwọn ará ilé kí ẹ tó padà dé, torí ìbẹ̀rù rẹ̀ máa ń mú kí wọ́n máa sá fún aláìsàn láìnídìí.

Iye ìgbà

Fún ìtura, àwọn ìlànà tí wọ́n ń lò jù ni Gy 7.5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Gy 10 lẹ́ẹ̀mejì, tàbí Gy 6 lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kan láàárín wọn. Bí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ ìtànṣán ìta, ó sábà máa ń jẹ́ Gy 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí Gy 7.5 lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ń fún ni ní Gy 10 tàbí 15 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún ẹni tí kò ní okun láti máa wá léraléra. Lójú tiwa, Gy 15 lẹ́ẹ̀kan yẹ kí ó ní ìdí tó lágbára, torí bí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn oṣù mélòó kan ń pọ̀ sí i. Pínpín in sí ọ̀nà púpọ̀ ń fún awọ tó dára láyè láti tún ara rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Ẹ má jẹ, ẹ má mu, fún nǹkan bíi wákàtí 2, títí ọ̀fun á fi jí. Kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ dán an wò. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ fún ọjọ́ kan sí méjì kì í ṣe nǹkan bàbàrà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀fun dídùn. Ibà, èémí híhá tó ń pọ̀ sí i, tàbí ìrora àyà tó já lu ẹni lójijì jẹ́ ohun tó yẹ kó gbé yín padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ òtútù àyà, ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ jò sínú àyà.

Ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá, láàárín ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èémí tẹ̀ lé e. Ikọ́ ló ń lọ́ra jù, ìtànṣán fúnra rẹ̀ sì lè mú un pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀. Bí apá ẹ̀dọ̀fóró kan bá ti wó pọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè má ṣí mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ti ṣí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ògiri ibi tí ìtànṣán kàn lè wú kí nǹkan funfun sì bò ó. Ikọ́ gbígbẹ àti èémí tó ń súfèé ni àmì rẹ̀, wọ́n sì lè fi oògùn ikọ́, inhaler tàbí oògùn steroid tọ́jú rẹ̀. Nígbà mìíràn ọ̀nà á fún pọ̀ bí ojú ọgbẹ́ ṣe ń jiná, wọ́n á sì fi bàlúùnù tàbí stent là á. Nǹkan funfun yìí máa ń jọ kókó tó padà wá, nítorí náà kí dókítà tó bá ń wò ó má kánjú gé lára rẹ̀.

Ewu tó burú jù ni kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bẹ́. Ó lè pani. Ó ń pọ̀ sí i fún ẹni tí kókó rẹ̀ wà ní apá òkè ẹ̀dọ̀fóró, nítòsí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn wá, fún ẹni tó ti gba ìtànṣán púpọ̀ tẹ́lẹ̀, àti fún ẹni tí wọ́n fi lésà gé kókó rẹ̀. Ìtànṣán nìkan kọ́ ló ń fà á. Kókó tó padà wá lè fà á pẹ̀lú. Bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde ju ẹnu kan lọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tí kókó wà dùbúlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ṣàn sínú ẹ̀dọ̀fóró kejì, kí wọ́n sì gbé yín lọ síbi ìtọ́jú pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Ẹbí gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀gbẹ́ wo ni, ọ̀tún tàbí òsì, kí ọjọ́ náà tó dé rárá.

Wọ́n sábà máa ń fi awò wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Kí ẹ tó kúrò lọ́wọ́ wọn, ẹ gba ìwé kan tó kọ ọjọ́ ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka ọ̀nà èémí tí wọ́n tọ́jú, iye Gy àti bó ṣe jìnnà sí irin tó, gígùn ojú ọ̀nà náà, àti ìtànṣán ìta tí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé yẹn ni dókítà ibẹ̀ máa fi mọ̀ bóyá àyè ṣì wà fún ìtànṣán sí i níbẹ̀ àti iye tó lè jẹ́.